Ohun Tí Mabel Kọ sí Ida

Àwọn ará Skelby kì í sábà pe Clement Garside ní orúkọ rẹ̀. Akéwì ni wọ́n ń pè é, wọn kò sì fi ṣe àpọ́nlé. Ìlú kékeré ni Skelby, létí òkun ní Yorkshire, ẹja sáwá ló sì ń bọ́ ọ. Bàbá Clement pa ẹja títí omi fi gbé e lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọkún tán, ó búra pé ọmọ òun kò ní fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ ẹja, ló bá mú un lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè kó máa gbálẹ̀. Láti ibi ilẹ̀ gbígbá ló ti dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí orí rẹ̀ fi hewú.

Ewì kékeré ló máa ń kọ nígbà tí kò bá sí èrò. Ewì ẹyẹ òkun, ewì ìkùukùu, ewì àwọn obìnrin tí wọ́n ń la ẹja ní èbúté. Ìwé ìròyìn kan ní Leeds máa ń tẹ̀ wọ́n jáde, wọ́n sì fi àwọn kan ṣe ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè fi sí àpò ẹ̀wù. Ọ̀gá Tindall, tó jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀, ra ọ̀kan, ó sì fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

"Akéwì," ni àwọn apẹja máa ń wí fún un, "já tíkẹ́ẹ̀tì Hull fún mi, àlọ àti àbọ̀. Jọ̀ọ́, má fi orin sí i, mo ń kánjú."

Clement á rẹ́rìn-ín, á já tíkẹ́ẹ̀tì. Lákòókò yẹn, ẹ̀rín ṣì máa ń dé inú rẹ̀.

Ó fẹ́ Mabel, ọmọ ẹni tó ń ran àwọ̀n. Wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo, Elsie. Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó dé, àrùn kan tó ń dí ọmọdé lọ́nà ọ̀fun wọ ìlú nígbà òtútù. Elsie jí lọ́jọ́ Ajé, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti sin ín sí ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Ní Ajé tó tẹ̀ lé e, Clement padà sójú fèrèsé rẹ̀, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn ní ọkàn rẹ̀ le.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ló kọ ewì kan sí ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi ń kọ àkókò ọkọ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

Ẹ má ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó ṣí díẹ̀;
ọmọ tó jáde láìwọ bàtà kì í pẹ́ padà.
Bàtà rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbí,
ẹ má gbé e kúrò.

Ìwé ìròyìn Leeds tẹ̀ ẹ́. Ti York náà tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá gé e, wọ́n fi sínú Bíbélì. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó sọ̀rọ̀ lójú oorun, tí wọ́n wá ń sọ fún un láàárọ̀ ohun tó wí. Láti ọjọ́ yẹn ni ara rẹ̀ ti kú. Kì í ṣe pé ó ń banú jẹ́. Ìbànújẹ́ ì bá dára. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí oníṣègùn eyín gún lábẹ́rẹ́ ló rí: èèyàn fọwọ́ kàn án, ó mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ni, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n lára. Ó gbìyànjú láti kọ ewì mìíràn. Ọ̀rọ̀ ń jáde, wọ́n sì bára mu, àmọ́ kò sí ẹnìkan nínú wọn. Ó kó wọn sínú iná.

Ogun dé. Rélùwéè kò jẹ́ kó lọ, torí ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọkùnrin ìlú lọ. Òun ló ń fún wọn ní ìwé ìrìnnà, àlọ àti àbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lo àbọ̀. Clement ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gun ọkọ̀, ó ń ronú pé ó yẹ kí nǹkan ṣe òun. Nǹkan kan kò ṣe é.

Lẹ́yìn ogun, Alàgbà Pougher ti ilé ìjọsìn wá bá a nílé. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tó wà nínú ìjì.

"Clement, ìwọ lo mọ̀wé kọ nínú wa. A fẹ́ kí o kọ ìtàn Kápútẹ́nì Wray fún wa, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ ọ́n."

Wray yìí ló kọ àwọn orin tí wọ́n ń kọ nínú ilé ìjọsìn wọn. Òun náà ló ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gba àwọn tó fẹ́ rì là.

"Alàgbà, n kò mọ̀ ọ́n."

"Ta ló mọ̀ ọ́n? Ó ti kú tipẹ́."

Bí Clement ṣe di ẹni tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn nìyẹn. Ó rí i pé iṣẹ́ náà bá òun lára mu. Ọjọ́ tí wọ́n bí Wray wà nínú ìwé ìjọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ wà nínú ìwé ìròyìn. Ká wá a, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká lọ sí èyí tó kàn. Ìtàn ẹlòmíì kì í bi èèyàn pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀. Lẹ́yìn ti Wray, ó kọ ti olùkọ́ àgbà obìnrin kan. Lẹ́yìn tirẹ̀, ó kọ ti dókítà kan tó ń ṣa ewé inú òkun. Ìwé wọ̀nyí kò tà, àmọ́ àṣìṣe kò sí nínú wọn.

Nígbà tó ṣe, lẹ́tà kan dé láti ìsàlẹ̀ Lincolnshire, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọ̀pọ̀ oko sì ní kòtò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ida Cropley ló kọ ọ́, ìyàwó àgbẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin òun, Toby, bọ́ sínú kòtò omi oko ní ọdún tó kọjá. Ó ní òun kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àfìgbà tí ẹnìkan fi ewì bàtà náà ránṣẹ́ sí òun. Ó ní òun kà á, òun sì dìde lọ fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ òun lóúnjẹ.

Clement fèsì. Mabel ka èsì náà kó tó lẹ̀ ẹ́.

"'Ìyáàfin Cropley, mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ṣeun.' Clem, ṣé báyìí lo ṣe fẹ́ dá obìnrin yìí lóhùn?"

"Kí ni kí n tún sọ?"

"Ó ní ọmọ òun kú."

"Mo kà á."

Mabel wò ó. Ó gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Bí ẹ bá gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa, ẹ yà wá mu tíì. Mabel Garside."

Ida kò dúró kí ọ̀nà gbé e gba ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Humber, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Hull, ó sì sọ̀ ní Skelby. Obìnrin fẹ̀ǹgẹ̀ ni, ìyẹ́ ẹyẹ wà lára fìlà rẹ̀, ó sì gbé agbọ̀n kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

"Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni o," ló wí kó tó kí ẹnikẹ́ni. "Omi Humber ru lónìí. Mo ní bí mo bá máa rì, kí n rì, ẹyin yìí kò ní rì." Ó wá wo Clement láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀gbẹ́ni Garside? Mo rò pé ẹ máa ga jù báyìí lọ."

Mabel rẹ́rìn-ín débi tó fi gbé ìkòkò tíì kalẹ̀. Clement kò rántí ìgbà tó gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Wọ́n jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ búrẹ́dì oníbọ́tà. Ida ní òun fẹ́ ka ewì náà fún wọn láìwo ìwé. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Clement ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìwé àjèjì. Ó kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan nínú ìlà kẹta kò dára tó.

Ida fọn imú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé mo lè rí bàtà náà?"

Clement yíjú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Agbòjò àti ìgbálẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè rí ibi tí bàtà yẹn gbà lọ.

"Ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀," ni Mabel wí. "Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un. Ilẹ̀ tutù gan-an lóṣù yẹn."

Ida gbé ọwọ́ lé ọwọ́ Mabel. "Ti Toby tèmi, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo la rí. Bàbá rẹ̀ gbọ́n gbogbo omi kòtò náà, kò rí èkejì."

"Irú wo ni?"

"Dúdú. Olókùn. Ó ti ń há a lẹ́sẹ̀, mo sì ti sọ pé kí a ra òmíràn."

"Ti Elsie ní bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kan ti já, mo fi òwú aláwọ̀ ilẹ̀ rán an padà."

Báyìí ni àwọn obìnrin méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀ bàtà, ti bó ṣe gùn tó, ti bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe jẹ sí apá kan, bí ìgbà tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Clement máa gbọ́ pé ọmọ òun wọ bàtà lọ. Irọ́ ni ewì náà, tí gbogbo ayé fi sínú Bíbélì. Ó di ife tíì rẹ̀ mú, ó ń retí kí nǹkan já lulẹ̀ nínú òun. Ó retí títí tíì fi tutù.

"Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ yóò dé láìpẹ́," ló wí.

Òun ló sin Ida dé ibùdókọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí pẹpẹ tí èrò ti ń wọ ọkọ̀, obìnrin náà ní, "Ọ̀gbẹ́ni Garside, láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ ò tíì sọ gbólóhùn kan tó gùn."

"Kò sí nínú mi, Ìyáàfin."

"Ó ti wà níbẹ̀ rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Clement wí, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

Láti ìgbà yẹn ni lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Mabel àti Ida. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ lófo. Mabel á jókòó sídìí tábìlì ìdáná lọ́sàn-án Sunday, á fi ojú sún mọ́ ìwé, Clement á sì gbé e lọ sínú àpótí lẹ́tà bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. "Ẹ̀yin" di "ìwọ" láàárín wọn kí ọdún tó yí po. Nígbà mìíràn, bí Mabel bá ń ka ti Ida, ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló wí?" ni Clement máa ń bi í, torí ó mọ̀ pé ó yẹ kí ọkọ béèrè.

"Pásítọ̀ wọn wá kí i. Akọ pẹ́pẹ́yẹ bù ú jẹ nídìí."

"Áà," ni Clement á wí, á sì padà sídìí dókítà rẹ̀ àti ewé òkun.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Ogun kejì dé, ó lọ. Clement fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago. Nígbà òtútù tí yìnyín bo ojú irin mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ kò fi lè rìn, ikọ́ mú Mabel, ó sì wọ inú àyà rẹ̀. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí Ida fi ránṣẹ́ ti dé kí ọ̀nà tó dí. Clement sè é fún un.

"Clem, bá mi kọ̀wé sí Ida. Sọ fún un pé mo jẹ ẹyin náà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Á mọ̀."

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Clement ti fèrèsé, ó gbé omi kaná, ó rántí pé ẹnìkan ṣoṣo ló máa mu tíì, ó dín omi náà kù. Lẹ́yìn náà ló jókòó kọ̀wé: "Ida, Mabel kú ní òwúrọ̀ yìí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun jẹ ẹyin náà. Ọ̀nà dí, má wá. Clement."

Ida dúró di ìgbà tí yìnyín yọ́, ó wá. Ó ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn, fìlà ìyẹ́ ẹyẹ yẹn ṣì wà lórí rẹ̀. Ó gbé àpótí bisikíìtì ńlá kan sórí tábìlì, ó ṣí i. Ìwé ọwọ́ Mabel ló kún inú rẹ̀.

"Gbà. Ìwọ lo máa ń kọ ìtàn àwọn èèyàn."

"Àwọn tí n kò mọ̀ ni mo máa ń kọ, Ida. Wray. Dókítà yẹn."

"Ṣé o mọ Mabel ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ló ṣe béèrè. Ida bọ́ kóòtù, ó lọ fọ abọ́ tó ti kún ibi ìfọbọ́.

Ohun tí Clement mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Ó to àwọn lẹ́tà náà bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, ó ń dà wọ́n kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ọjọ́ èyí tí kò ní ọjọ́. Kò sí àṣírí kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ àdúgbò.

"Òjò. Orúnkún. Mo sá ṣíìtì, òjò tún dé."

"Ìyàwó Alàgbà Pougher gbé kéèkì wá síbi ìdúpẹ́ ìkórè. Ida, bí a bá sọ kéèkì yẹn lu ọkọ̀ ogun Jámánì, ogun á parí."

"Clem mọ ohun tí dókítà ewé òkun jẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé mo ti pààrọ̀ aṣọ fèrèsé."

Nígbà tó kọ èyí tán, ó gbójú sókè wo aṣọ fèrèsé. Àwọ̀ ewé ni. Kò lè sọ irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Òmíràn wà tó jẹ́ gbólóhùn mélòó kan: "Lónìí Clem mú agbòjò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì jáde. Ó dúró síbẹ̀, ó pẹ́. Mo bi í pé kí ló ń wá, ó ní kò sí. Mo fi í sílẹ̀." Clement kò rántí ọjọ́ náà. Ó dà á kọ bó ṣe wà.

Kò yọ nǹkan kan kúrò. Kò fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un, àfi ọjọ́ tí wọ́n bí Mabel, ọjọ́ tó lọ́kọ, ọjọ́ tó bí Elsie àti ọjọ́ tó kú. Ó gbé e tọ Hesketh lọ, òǹtẹ̀wé tó tẹ ìwé Wray. Hesketh ka ojú ìwé díẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Clement, òkú Wray kì í bínú. Àwọn tó wà nínú ìwé yìí ṣì ń ra ẹja lọ́jà o."

"Mo mọ̀."

"Ìyàwó Pougher máa pa ọ́."

"Kó wá."

Àwọn ará Skelby tí wọn kò ka ewì rẹ̀, tí wọn kò ka ìwé Wray, ka ìyẹn tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ilé ọtí, wọ́n ń kà á sókè. Ní etí èbúté, àwọn obìnrin ń wá orúkọ ara wọn nínú rẹ̀. Àwọn kan bínú, àwọn kan bínú pé orúkọ àwọn kò sí níbẹ̀. Tindall, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ránṣẹ́ sí i pé òun kò mọ̀ pé Mabel rí òun lọ́jọ́ tí òun ṣubú sórí ojú irin nítorí ọtí.

Ìyàwó Pougher wá fúnra rẹ̀, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

"Clement Garside! Kéèkì mi!"

"Ẹ wọlé, Ìyáàfin Pougher."

"Mi ò wọlé. Ṣé òótọ́ ni pé ó kọ ọ́?"

"Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Ààrò mi ló bàjẹ́ lọ́dún yẹn! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ààrò mi bàjẹ́!" Ó dúró, ó ń mí. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo wá jókòó ti òun lọ́sẹ̀ tí Elsie kú. Pé n kò sọ nǹkan kan, pé mo kàn ń rán ìbọ̀sẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó rántí."

Clement wò ó. Òun náà wà nínú ilé lọ́sẹ̀ yẹn. Kò rántí pé òun rí i.

"Ṣé ó kù?" ni obìnrin náà bi í. "Ìwé náà. Mo fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Bridlington."

Clement wọlé mú un fún un. Kò sunkún lọ́jọ́ yẹn, kò sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn kàn ń dúró bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ni, wọ́n ń sọ ti Mabel fún un, òun náà sì ń dúró gbọ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń béèrè nǹkan, kí ni wọ́n wọ̀, ta ló tún wà níbẹ̀, bí ó ti ṣe máa ń béèrè nípa Wray. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pè é ní Akéwì mọ́. Ọkọ Mabel ni wọ́n ń pè é.

Òun àti Ida ń kọ̀wé síra wọn. Lẹ́tà rẹ̀ kúrú. "Lẹ́tà rẹ dà bí tíkẹ́ẹ̀tì," ni Ida kọ sí i, "ibi tó ti gbéra, ibi tó ń lọ, ọjọ́." Ó tún èyí tó tẹ̀ lé e ṣe. Ó kọ ọ́ pé òun dín ẹja sáwá, pé ó jóná ní apá kan, pé òun jẹ apá kejì. Ida fèsì pé ó dára bẹ́ẹ̀, kó máa bá a lọ.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, obìnrin ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan kọ̀wé sí i. Ó ní òun rí ewì bàtà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ó sì mì òun lọ́kàn. Ó ní òun ń ṣa ewì àwọn akéwì tí ayé ti gbàgbé jọ. Ó bi í bóyá ó ní lẹ́tà àti ìwé tí òun lè yẹ̀ wò, kí òun lè kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Clement ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fèsì lọ́jọ́ Sunday, nídìí tábìlì ìdáná. Ó ní òun dúpẹ́. Ó ní ewì náà kò péye, òun lè ṣàlàyé bí ó bá wá. Ó ní òun kò ní lẹ́tà kankan tó jẹ́ tòun, àmọ́ ìyàwó òun kọ ọ̀pọ̀, wọ́n sì wà nínú ìwé, ẹyọ kan ṣì wà nílé. Ó ní kó wọ ọkọ̀ àárọ̀ láti Leeds, kó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Hull, kó má wọ ti ọjọ́ Sátidé, torí kì í dúró ní Skelby mọ́, kó sì jókòó sí apá ọ̀tún bó bá fẹ́ rí òkun.